Ẹlẹ́kọ Tí Ń Ra Ẹ̀kọ

Ó ti pẹ́ tí Olúdáre ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ó ti rí olè tí ń sunkún ju ẹni tí ó jà lólè lọ. Ó ti rí ẹni tí wọ́n ní ó ti kú, tí ó sì yọjú nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí ẹlẹ́kọ tí ń ra ẹ̀kọ jẹ rí, àfi láàárọ̀ ọjọ́ Àtìnì kan ní agboolé Alùfáà Rájí ní Ìwó, lọ́dún tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Hàbíbátù, ìyàwó alùfáà, ni ẹlẹ́kọ náà. Ẹ̀yìn ilé ni ó jókòó sí, nídìí ìkòkò ògì tí ń hó, ó ń fi ewé eéran pọ́n ẹ̀kọ. Olúdáre jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ nípa Nàfísátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, tí ó jáde nílé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kò padà wá mọ́. Ó ti di ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ẹnu Olúdáre ń béèrè, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kì í dúró sójú kan. Ojú rẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ń da ewé ẹ̀kọ sí, ó sì rí ewé mẹ́rin tí kì í ṣe eéran. Ewé gbòdògì ni. Wọn kò tíì gbẹ; àná ni wọ́n jẹ ohun tí ó wà nínú wọn.

"Ìyá, ẹ̀kọ ta ni ẹ jẹ lánàá?"

Ọwọ́ Hàbíbátù dúró lórí ewé. "Ẹ̀kọ wo?"

"Èyí tí wọ́n fi gbòdògì pọ́n."

"Ha. Àlejò ló mú un wá."

"Àlejò mú ẹ̀kọ wá kí ẹlẹ́kọ?"

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ṣé ẹ̀kọ lẹ bá wá ni, àbí ọmọ mi?"

Olúdáre rẹ́rìn-ín. Ó dìde bí ẹni tí ó fẹ́ na ẹsẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ewé náà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Igun òsì rẹ̀ kò wọ inú bí ti àwọn ẹlẹ́kọ yòókù. Ẹni tí ó pọ́n ọn ká igun náà sẹ́yìn, ó wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́, débi pé ojú ibi tí ó ti tẹ̀ ẹ́ ṣì hàn. Olúdáre wo ọwọ́ Hàbíbátù. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì obìnrin náà kákò. Ògì gbígbóná ni ó jó o nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, kò sì nà mọ́ láti ìgbà náà. Ìka náà kò lè ti igun ewé wọ inú, nítorí náà ẹ̀yìn ni ó ń ká a sí, tí ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ewé ọ̀tọ̀, ọwọ́ kan náà.

Ó ki ewé náà bọ àpò. Ohun mìíràn sì tún ń dà á láàmú. Láti ìgbà tí ó ti jókòó, ìyá yìí kò bi í bóyá wọ́n ti rí òkú ọmọ òun nínú odò. Ẹni tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ bá odò lọ, odò ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì jọ ẹni tí ara tù. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọlé, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá sì ti dún lẹ́nu ọ̀nà ni ọrùn rẹ̀ ń nà, tí ó tún ń wálẹ̀. Olúdáre mọ irú ọrùn bẹ́ẹ̀. Àárò ni ó ń nà án.

Níwájú àgọ́ ọlọ́pàá, Àyànbádéjọ ni ó kọ́kọ́ bá pàdé. Àgbẹ̀ ni bàbá náà, láti abúlé kan nítòsí Olúpọ̀nnà, ará ilé olórìṣà tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀ ni ó ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọ̀dán tí ó wà níbẹ̀. Koríko ti ń bo iṣu lóko rẹ̀, kò lọ.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá," ni Olúdáre wí, ó sì tẹ̀ ba.

"Ìjókòó ọ̀hún ló fẹ́ pa wá, ọmọ mi. Wọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ń gbé e lọ Ìbàdàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ Ìbàdàn nítorí ẹ̀mí, ṣé ó ń padà wálé?"

Olúdáre kò lè purọ́ fún àgbàlagbà. Ó ní òun yóò sa gbogbo ipá òun kí ó tó di Jímọ̀. Bàbá náà mi orí, ó ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ ṣáà bá wa wò ó."

Dúró, ọmọ rẹ̀, ni wọ́n ní ó pa Nàfísátù. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Dúró àti Nàfísátù fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n Alùfáà Rájí ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ilé olórìṣà. Yẹ̀kínì oníṣòwò obì ni ó fi í fún, wọ́n sì ti ṣe ìdána. Nígbà tí ọmọ náà dàwátì, Yẹ̀kínì lọ sọ fún ọlọ́pàá pé bí òun ti ń bọ̀ láti ọjà Kuta ní Jímọ̀ náà, òun rí Dúró tí ó ń fa Nàfísátù lọ́wọ́ lọ sí ọ̀nà odò. Wọ́n lọ sí etí odò, wọ́n sì bá ìborùn ìdána Nàfísátù lórí igbó. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lọ mú Dúró lóko.

Sájẹ́ńtì Mùkáílà, tí ó ń mójú tó àgọ́ náà, gbé ìborùn náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Olúdáre gbé e sí imú, ó fa òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Mùkáílà, kí lo gbọ́ lára rẹ̀?"

"Òórùn inú àpótí aṣọ."

"Wò ó. Ìlà ibi tí wọ́n ká a sí ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà. Ọmọ ẹlẹ́kọ ni Nàfísátù; èéfín ni ó ń fi ojoojúmọ́ wẹ̀. Ìborùn tí ọmọ ẹlẹ́kọ bá lò fún ọjọ́ kan péré, èéfín àti ògì kíkan ni yóò máa rùn. Èyí kò tíì kan orí ẹnikẹ́ni rí."

Mùkáílà họ orí. "Ó lè jẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló kọ́kọ́ lò ó."

"Ó lè jẹ́," ni Olúdáre wí, ó sì wọlé lọ bá Dúró.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti gbẹ. Èjìká àgbẹ̀ ni ó ṣì kù lára rẹ̀.

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Àlàmísì tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, nídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù, kí iṣu tuntun jáde, màá tún rán àwọn àgbà sí bàbá rẹ̀. Ó ní kò burú. Ó wá ń wò mí. Ó ní tí wọ́n bá bi mí ní ibi tí òun wà, ṣé mo lè búra pé mi ò mọ̀? Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, níbo lò ń lọ? Ó kó ẹ̀kọ mẹ́ta fún mi, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ lọ́nà."

"O búra fún wọn níhìn-ín?"

"Mo fi irin búra, mo tún fi ilẹ̀ búra. Wọn ò gbà." Ó yí ojú sí ògiri. "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé ó ti kú lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé mi lọ. Kí ni mo tún ń dúró ṣe?"

Ọjọ́ Àtìnì yẹn bọ́ sí ọjọ́ ọjà Kuta. Olúdáre gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Ọjà oko gidi ni: iṣu tuntun tí erùpẹ̀ ṣì wà lára wọn, adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ pọ̀, ata tútù lórí ewé kókò, èlùbọ́ funfun nínú igbá, àti àwọn obìnrin tí wọ́n ti rìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ tí wọn kò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Yẹ̀kínì jókòó sáàárín apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀, fìlà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń fi omi wọ́n ewé tí ó fi bo obì.

"Ẹ kú ọjà o, Bàbá Olóbì."

"Ẹ kú ọ̀nà. Ṣé wọ́n ti gbé ọ̀daràn yẹn lọ?"

"Ó kù díẹ̀. Mo kàn ní kí ẹ tún un sọ kí n gbọ́ létí ara mi. Ọjọ́ wo lẹ rí wọn?"

"Jímọ̀ ni. Mo kírun Jímọ̀ níhìn-ín ní Kuta, mo tún padà sídìí ọjà, nígbà tí mo palẹ̀ mọ́, mo kọrí sílé. Ìyànà odò ni mo ti rí wọn."

"Ọjà kún lọ́jọ́ náà?"

"Ó kún bámúbámú! Bó ṣe kún lónìí yìí."

"Ẹ ò ṣi ọjọ́?"

"Ọ̀gá, ṣé mùsùlùmí máa ń ṣi Jímọ̀ ni?"

Olúdáre yíjú sí ìyá àgbà kan tí ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Sẹ̀gilọlá ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ọjà Kuta tí kò ná láti ìgbà tí ó ti gbọ́n. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá mi ka ọjà yìí sẹ́yìn títí dé ìtàdógún."

Ìyá àgbà ń fi ìka tẹ orí iṣu bí ó ti ń kà. "Òní, Àtìnì. Ọrún tó kọjá, Àlàmísì ni. Òjò ló tú wa ká. Èyí tó ṣáájú ìyẹn, Aláàdì. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ jẹ èlùbọ́ Àgbékẹ́. Èyí tó tún ṣáájú, Àlàrùbá. Ìtàdógún gan-an wá jẹ́ Sátidé."

"Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn ńkọ́?"

"Jímọ̀ kẹ̀? Ọjọ́ Ilé-Ogbó nìyẹn. Ọjà tiwọn ló ń ṣáájú tiwa lọ́jọ́ kan. Bí ẹnì kan bá pàtẹ níhìn-ín ní Jímọ̀ yẹn, aláǹgbá ló tà fún."

Àwọn tí ó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì kò rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe oníṣòwò tí ń gbé ìgboro ni ó ṣe. Ọjọ́ méje ni mọ́ṣáláṣí fi ń yípo, ọjọ́ mẹ́rin ni ọjà oko fi ń yípo, àwọn méjèèjì kì í sì í bá ara wọn rìn. Ẹni tí ó wà níbi ọ̀rọ̀ kì í ṣì wọ́n pọ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni ó fi rí i. Ẹni tí ó jókòó sílé hun irọ́ ni ó máa ń gbé ọjà ka orí Jímọ̀ tí kò gbà á.

"Ó jẹ́ pé mo ṣi ọjọ́ ni," ni Yẹ̀kínì wí.

"Mùsùlùmí kì í ṣi Jímọ̀." Olúdáre bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìborùn ìdána yẹn, Nàfísátù kò lò ó rí. Ó dá a padà fún yín, àbí kò rí bẹ́ẹ̀?"

Yẹ̀kínì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, díẹ̀ ni ó kù kí Olúdáre má gbọ́. "Ó jù ú lù mí láyà. Ó ní kí n fi fún ẹni tó bá fẹ́ mi. Èmi, Yẹ̀kínì! Tí ayé bá gbọ́ pé ó sá nítorí mi ńkọ́? Ikú yá ju ẹ̀sín, ọ̀gá."

"Ikú yá ju ẹ̀sín ni àwọn àgbà wí. Wọn kò sọ pé ikú ẹlòmíràn."

Bí ẹni tí wọ́n ta omi sí ni Yẹ̀kínì ṣe gbọ̀n ara rẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Mi ò sọ nǹkan kan fún yín o. Ṣé ẹ ti rí ọmọ náà? Tí ẹ ò bá tíì rí i, Dúró ló pa á. Ẹ jẹ́ kí n tajà mi."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Mùkáílà sọ nígbà tí Olúdáre padà dé Ìwó tí ó ròyìn fún un. "Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí dà? Yóò ní òun ṣi ọjọ́ ni, yóò sì sẹ́ ọ̀rọ̀ ìborùn. Bí ọmọbìnrin náà kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àgọ́ yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ Ìbàdàn ní Jímọ̀, ẹni tí ó sì wà lọ́wọ́ wa náà ni."

Olúdáre tẹ́ ewé gbòdògì náà sórí tábìlì, ó ń rò ó. Jímọ̀ tí Nàfísátù lọ jẹ́ ọjọ́ ọjà Ilé-Ogbó. Ọmọbìnrin tí ó bá di ẹrù jáde nílé lọ́jọ́ lásán, gbogbo àdúgbò ni yóò bi í pé níbo ló ń lọ. Ní ọjọ́ ọjà, ẹrù ni gbogbo ènìyàn rù, ta ni yóò bi ta? Àná, Aláàdì, jẹ́ ọjọ́ Ilé-Ogbó pẹ̀lú. Àná náà ni wọ́n sì jẹ ẹ̀kọ inú ewé yìí. Ó kù kí ó mọ ẹni tí ó gbé e wá. Kò sì gbọdọ̀ bi Hàbíbátù, nítorí ìyá tí ó bá fura yóò ránṣẹ́, ọmọ yóò sì tún sá.

Ní ọjọ́ kejì, láti ìgbà tí oòrùn ti rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná àwọn ọjà àdúgbò Ìwó. Kì í ṣe ọjà ńlá ni ó lọ. Àwọn ọjà ẹ̀bá ọ̀nà kéékèèké ni, tí obìnrin márùn-ún tàbí mẹ́wàá máa ń pàtẹ sí lábẹ́ ìgbátí ilé bí àwọn ọkọ wọn bá ti ń lọ kírun àsárì. Ó ra àgbàdo sísun níhìn-ín, ó ra ẹ̀pà lọ́hùn-ún, ó bá wọn dá àpárá. Ní gbogbo ibi tí ó dé, ìbéèrè kan náà ni ó ń fi kún un: ta ni ó ń ti Ìwó lọ ná ọjà Ilé-Ogbó? Ní ọjà kẹrin, wọ́n nawọ́ sí Bọ́sẹ̀ oníyọ̀, obìnrin pípupa kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ̀kọ Ilé-Ogbó mà dùn o," ni Olúdáre wí bí ó ti ń wo iyọ̀.

"Ẹ má sọ ti ẹ̀kọ fún mi, ọ̀gá! Iyọ̀ ni mò ń tà, ẹ̀kọ ló fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ ò rí Ìyá Nàfí, ìyàwó alùfáà? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ìyókù ẹ̀kọ tí mo jẹ lọ́nà sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó wò ó, ó ṣí i, omi bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. Láti ìgbà náà, mi ò gbọdọ̀ ti Ilé-Ogbó dé láìra ẹ̀kọ ìdí ìyá kan náà. Mo ní, ẹ̀yin tí ẹ ń ro ẹ̀kọ? Ó ní ẹnu òun kò gba ti ọwọ́ òun mọ́. Ọ̀fọ̀ ọmọ ló ń dà á láàmú."

"Ọmọge ló ń ta ẹ̀kọ náà?"

"Ọmọge wo? Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni. Fàsílátù lorúkọ rẹ̀. Ìdí igi ìrókò ló ń pàtẹ sí, bí ọjà bá sì ti tú, mi ò mọ ibi tó ń wọ̀."

Olúdáre tún un sọ lọ́kàn ara rẹ̀: Arúgbó? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé òun ti tẹ̀ lé ọ̀nà tí kò já síbì kankan. Ṣùgbọ́n ewé wà lápò rẹ̀, ewé kì í sì í purọ́. Ọjà Ilé-Ogbó tí ó ń bọ̀ yóò bọ́ sí Àlàmísì, ọjọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n tó gbé Dúró lọ. Kò jẹ́ lọ ṣáájú. Bí ọlọ́pàá bá wọ ìlú kékeré lọ́jọ́ lásán tí ó ń béèrè ẹlẹ́kọ, kí ó tó mu omi tán ni gbogbo ilé yóò ti gbọ́. Ọjọ́ ọjà nìkan ni àlejò kì í jẹ́ àlejò.

Ìdúró ọjọ́ kan yẹn gùn fún un. Olúdáre wà ní Bọ́mà, ó ń jagun tí kì í ṣe tirẹ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìwé tí ó mú ìròyìn náà wá fi oṣù márùn-ún rìn. Nígbà tí ó padà dé, wọ́n ti kó ìkòkò ìyá náà fún ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Kò sí ohun tí ó ń wù ú láyé yìí bíi kí ó tún jẹ ègbo tí ìyá náà sè lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ti jẹ ègbo káàkiri ọjà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, kò rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ nínú èyíkéyìí. Ó mọ ohun tí Hàbíbátù ń rà. Ìlara rẹ̀ gan-an ń ṣe é.

Ní Àlàmísì, ó ti wà ní Ilé-Ogbó kí oòrùn tó gbóná. Ó rí ìdí igi ìrókò, ó rí Fàsílátù: arúgbó ni lóòótọ́, ara rẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọbẹ̀ ẹni tí ó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ nù. Olúdáre ra ẹ̀kọ méjì. Igun òsì, ká sẹ́yìn, àtàǹpàkò.

"Ẹ̀kọ yín dára, ìyá. Ta ló ń bá yín pọ́n ọn?"

"Èmi náà ni, ọmọ mi."

"Pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n báyìí?"

Arúgbó náà kó ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ ìró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ta ẹní kan sórí ọ̀pá dínà oòrùn, èéfín sì ń ti ẹ̀yìn ẹní náà jáde. Olúdáre kò dìde, kò sì wo ibẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀, ó wá gbé ohùn sókè bí ẹni tí ń bá adití sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ bá mi jíṣẹ́ fún ẹni tó pọ́n ọn. Ẹ ní Dúró ọmọ Àyànbádéjọ wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ní òun ló pa Nàfísátù sódò. Ọ̀la ni wọ́n ń gbé e lọ Ìbàdàn. Mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Mò ń jẹun lọ́wọ́ ni."

Nǹkan kan fọ́ lẹ́yìn ẹní. Ọmọbìnrin kan jáde, ògì funfun ní apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ta ló ní ó pa mí?"

"Yẹ̀kínì."

"Dúró ò mọ nǹkan kan! Mo mọ̀ọ́mọ̀ má sọ fún un ni. Mo fẹ́ kó lè búra láìpurọ́."

"Ó búra. Wọn kò gbà á."

Nàfísátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀ níwájú Fàsílátù, ó dúpẹ́ pé ó gba òun sílé, ó bẹ̀ ẹ́ nítorí ìkòkò tí ó fọ́, ó sì dìde. Kò tilẹ̀ wẹ ògì ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lé Olúdáre lọ sí ibùdókọ̀.

Nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé wọn, láàárín àpò èlùbọ́, ni ó ti bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀. Olúdáre yọ ewé náà.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Ní ẹ̀yìn ilé yín. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni ìyá rẹ ń ránṣẹ́ ra ẹ̀kọ rẹ. Ìwọ fi ìka tó pé kọ́ iṣẹ́ lára ìka tó kákò. Ẹ̀yin méjì péré lẹ ń pọ́n ọn báyìí."

Ó bojú wo ewé náà, ojú rẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó le. "Nígbà náà, ìyá mi mọ̀ pé mo wà láàyè."

"Ó mọ̀."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí ọ̀nà títí wọ́n fi dé Ìwó.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Yẹ̀kínì kò tilẹ̀ tó oṣù kan. Àtìmọ́lé tí Dúró ti jáde ni wọ́n tì í mọ́. Nígbà tí Dúró yọ sí ìta tí ó rí Nàfísátù lábẹ́ ọ̀dán, ó dúró bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. "Mo búra," ni ó wí, "wọn ò gbà." Ẹ̀rín ni ó fẹ́ rín, ẹkún ni ó jáde. Nàfísátù di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì bìkítà fún ẹni tí ń wò.

Ìròyìn kì í gun kẹ̀kẹ́, ó sì ń yára ju kẹ̀kẹ́ lọ. Alùfáà Rájí dé, ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ tí mo ti ń tọrọ àforíjì fún bí òkú," ni ó wí, "kí ni mo tún fẹ́ fi ìdána Yẹ̀kínì ṣe? Mo tú u ká." Hàbíbátù wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun kò fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó dúró, ó ń fi ojú mu ún.

Nàfísátù kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ọn. "Ẹ mọ̀ pé mo wà láàyè, ìyá mi."

"Mo mọ̀."

"Dúró wà níbí, ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé tó bá di ọ̀la, màá lọ sọ fún wọn. Tí mo bá sọ, wọ́n á lọ mú ọ wá fún Yẹ̀kínì, wàá tún sá, ibi tí ẹ̀kọ rẹ kò ti ní dé ọ̀dọ̀ mi mọ́ lo máa sá lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà ní ìhà yìí, ọmọ tèmi ló wà lọ́hùn-ún. Mo yan tèmi."

Ó yíjú sí Àyànbádéjọ, ó sì wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Bàbá àgbà náà ń ká ẹní rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi ẹní náà há abíyá.

"Dìde, Ìyá Nàfí. Tó bá jẹ́ èmi ni, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n má bẹ̀ mí lónìí."

Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Dúró bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Nàfísátù ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà, ó wá nu ojú rẹ̀ nù.

"Dúró ti dárí jì mí," ni ó wí. "Èmi ni mi ò tíì lè dárí jì yín, ìyá mi. Bóyá n ò ní tètè lè ṣe é."

"Kò burú," ni Hàbíbátù wí. "Bínú, ọmọ mi. Ṣáà máa bínú níbi tí mo ti ń rí ọ."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ó kúnlẹ̀ sí, ó sì ń wò ó.